Kì í ṣe Benz ló kọ́kọ́ gbé airbag sínú mọ́tò o

Ẹ̀yin èèyàn mi, fọ́tò Benz àtijọ́ tí wọ́n ń fọ́n káàkiri WhatsApp yẹn, tí wọ́n kọ sí i pé S-Class 1981 ni mọ́tò àkọ́kọ́ láyé tó ní airbag (báàgì tó máa ń wú láti gba èèyàn dúró tí mọ́tò bá forí sọ nǹkan), kì í ṣòótọ́ o. Èmi gan-an fẹ́ràn mọ́tò yẹn, W126 ni wọ́n ń pè é, 1979 ni Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, sàlúùnù ẹ̀ tó jáde sì lé ní 800,000, àmọ́ ìyẹn ò ní ká wá máa gbé oyè olóyè fún un.

Amẹ́ríkà ló ti ṣáájú. General Motors, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe mọ́tò níbẹ̀, ti fi airbag sí Oldsmobile Toronado 1973, nígbà tó sì fi máa di 1974 sí 1976, téèyàn bá lówó, wọ́n á bá a fi sí Cadillac tàbí Buick ńlá ẹ̀. Ọjà ò yá, wọ́n bá pa á tì.

Ibi tí Benz ti gbayì ni pé wọn ò ní kí airbag rọ́pò bẹ́líìtì, ṣe ni wọ́n jẹ́ kí méjèèjì jọ ṣiṣẹ́. Tí mọ́tò bá forí sọ nǹkan, airbag á fò jáde látinú steering fún dírẹ́bà, ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ńkọ́? Kò ní airbag kankan nígbà yẹn (ẹ ò rí nǹkan!), bẹ́líìtì ẹ̀ ló máa fún mọ́ ọn láyà wàì.

Owó ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì ń san fún airbag yẹn nígbà náà. Torí náà tẹ́ ẹ bá rí W126 tí ò ní airbag, ẹ má tíì bú ẹni tó tà á fún yín, ó lè jẹ́ ẹni tó kọ́kọ́ rà á ni ò sanwó ẹ̀.