Owó Ilé àti Ife Ẹ̀yẹ Madrid

(Àárọ̀ Sátidé. Bàbá Onílé ti wọ jẹ́sì funfun Real Madrid lé ṣòkòtò àńkárá. Ó ń gbá ilẹ̀kùn Wàsíù.)

BÀBÁ ONÍLÉ: Wàsíù! Mo mọ̀ pé o wà ńlé o. Mò ń gbọ́ ìró fáànù ẹ.

WÀSÍÙ: Ẹ káàárọ̀ sà. Oorun ló gbé mi lọ.

BÀBÁ ONÍLÉ: Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ṣì kù lọ́rùn ẹ.

WÀSÍÙ: Bàbá, mo ti san owó ilé tán!

BÀBÁ ONÍLÉ: Ti ilé lo san. Ti ife Champions League, ife àwọn ẹgbẹ́ ńlá Yúróòpù, tí Madrid gbà ní Wembley ńkọ́? 2024! A na Dortmund 2-0! Ìkẹẹ̀ẹ́dógún nìyẹn!

WÀSÍÙ: Sà, gbogbo ìgbà tí Madrid bá ti gba ife yìí lẹ máa ń fowó kún owó ilé. 2014 ẹ fowó kún un. 2016, ẹ fi kún un. 2017, 2018, 2022, ẹ ò fo ẹyọ kan. Òrùlé ń jò láti ìgbà ayé Cristiano!

BÀBÁ ONÍLÉ: Ẹgbẹ́ ọba lò ń bá sọ̀rọ̀ o. Ọba Alfonso XIII fúnra ẹ̀ ló fi wá joyè "Real" ní 1920.

WÀSÍÙ: Oyè tí ọba fi yín jẹ ní Sípéènì, èmi ni kí n máa sanwó ìwúyè ẹ̀ ní Muṣin?

BÀBÁ ONÍLÉ: Ṣebí ìwọ lo lọ ń ṣe Atlético, ẹgbẹ́ tá a jọ wà nínú ìlú Madrid. Ẹgbẹ́ oní-fóòmù! Àwọn ará Madrid gan-an ló ń pè wọ́n ní Colchoneros, torí pé ìlà pupa, ìlà funfun ara jẹ́sì wọn jọ aṣọ fóòmù àtijọ́.

WÀSÍÙ: Ẹ̀yin lẹ sọ mí di oní-fóòmù! Ẹnikẹ́ni tó bá lè dá Madrid dúró, àdúrà owó ilé mi ló gbà. Bàbá, ẹ rántí Lisbon, 2014. Godín ti gbá a wọlé fún wa. Mo ti ń ronú ohun tí màá fowó mi rà. Mo ti se ẹran sínú ọkàn mi. Ó wá di ìṣẹ́jú 93...

BÀBÁ ONÍLÉ: (Ó fò sókè.) RAMOS! Orí ló fi kàn án!

WÀSÍÙ: Nígbà tí Bale gbá tiẹ̀ wọlé, ẹran di pọ̀nmọ́. Marcelo gbá tiẹ̀, pọ̀nmọ́ di magí. Cristiano gba pẹnárítì, mo bu omi sí gààrí.

BÀBÁ ONÍLÉ: 4-1! Milan ńkọ́, 2016?

WÀSÍÙ: Griezmann wa gbá pẹnárítì lu irin òkè. Juanfran gbá tiẹ̀ lu òpó. Cristiano ò tíì bọ́ jẹ́sì tán tí ẹ fi wà lẹ́nu ọ̀nà mi pẹ̀lú rìsíìtì.

BÀBÁ ONÍLÉ: 2015 ńkọ́? 2017? Ọdún mẹ́rin léra wọn la fi lé yín jáde!

WÀSÍÙ: Ẹ sọ ti 2013 náà! Ní Bernabéu, ààfin yín, Miranda forí kàn án, a gba Copa del Rey, kọ́ọ̀pù ọba Sípéènì, lójú yín. Ṣé ẹ dín kọ́bọ̀ nínú owó ilé?

BÀBÁ ONÍLÉ: Ìyẹn ò tó ife. Kọ́ọ̀pù lásán ni.

WÀSÍÙ: Super Cup 2018, ní Tallinn. A na yín 4-2!

BÀBÁ ONÍLÉ: A kàn ń nasẹ̀ ni.

WÀSÍÙ: Líìgì 2014! Líìgì 2021!

BÀBÁ ONÍLÉ: Wàsíù, gbọ́ mi dáadáa. Nínú ilé tèmi yìí, Champions League nìkan ló lẹ́nu ọ̀rọ̀.

WÀSÍÙ: Ó dáa bẹ́ẹ̀. Champions League 2025. Arsenal na yín 3-0 ní London. Wọ́n tún wá ká yín mọ́lé, wọ́n nà yín 2-1. Eélòó lẹ dín?

(Bàbá Onílé bẹ̀rẹ̀ sí í wo àjà.)

BÀBÁ ONÍLÉ: ...Sìmẹ́ńtì wọ́n lọ́dún yẹn.

ÌYÁ ONÍLÉ: (láti inú ilé) Ẹ sọ fún un pé ẹ ò jẹun alẹ́ ọjọ́ náà! Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dárúkọ Rice, ọmọ Arsenal yẹn, nínú ilé yìí, títí kan ìrẹsì!

BÀBÁ ONÍLÉ: Màmá Kúnlé, wọlé jàre! Wàsíù, owó mi dà?

WÀSÍÙ: Ẹ gbé fóònù yín síta. Mo ń fi í ránṣẹ́. (Ó tẹ̀ ẹ́. Nẹ́tíwọ̀kì kọ̀. Ó tún un tẹ̀. Fóònù Bàbá dún.) Ó ti wọlé.

BÀBÁ ONÍLÉ: Kò wọlé.

WÀSÍÙ: Bàbá, ó dún lọ́wọ́ yín!

BÀBÁ ONÍLÉ: Ẹ̀ẹ̀mejì lo tẹ̀ ẹ́. Ní March 2025, Julián Álvarez yín fẹ́ gbá pẹnárítì sí wa, ó yọ̀, ẹsẹ̀ òsì kan bọ́ọ̀lù kí tọ̀tún tó gbá a. VAR, àwọn rẹfirí tó ń wo fídíò, ní ẹ̀ẹ̀mejì ló fẹsẹ̀ kàn án, wọn ò kà á. Èmi náà ò ka tìẹ.

WÀSÍÙ: Ẹ dá owó mi padà nígbà yẹn!

BÀBÁ ONÍLÉ: (Ó ti ń sọ̀kalẹ̀ lọ.) Ṣé wọ́n dá bọ́ọ̀lù padà fún Álvarez ni?