Ilé Là Á Wò Kí Á Tó Kó Ẹrù Wọ Abẹ́òkúta

Àwọn àgbà ní ilé là á wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Babátúndé dé nítorí ẹni tó lọ, Abíọ́dún dé nítorí ọdún tó wọlé. Ẹni tó ń kó bọ̀ ní Abẹ́òkúta láìsí ọmọ lọ́dọ̀ rẹ̀, ì báà jẹ́ tọkọtaya tuntun, ì báà jẹ́ àgbà tí àwọn ọmọ ti lọ, òwe yìí bá a wí gan-an. Bí ọmọ bá wà, ilé ìwé ni ì bá yan àdúgbò fún un. Nígbà tí kò sí, ilé fúnra rẹ̀ ló kù láti wò: ọ̀nà rẹ̀, omi rẹ̀, àti ẹni tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀nà. Iṣẹ́ ò sí lójú kan ní ìlú yìí. Òkè-Mosàn ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ń lọ, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdí-Àbá, FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀, wà lójú ọ̀nà Alábàtà. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní FUNAAB, Ọbáńtokó àti Kám̀pù ni ìgboro tirẹ̀. Ìbarà ló jìnnà sí i. Ẹni tí iṣẹ́ ṣì ń pè lọ sí Èkó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó ka iye ọkọ̀ tí yóò wọ̀ láti ilé dé ibùdókọ̀ ojú irin ní Láderin.

Ẹ ṣírò rẹ̀ báyìí. Ọjọ́ iṣẹ́ tó bíi 22 lóṣù. Àlọ àti àbọ̀ di ìrìn 44. Bí ilé bá wọnú, tó jẹ́ pé ẹ máa gun ọ̀kadà dé títì kí ẹ tó rí takisí, 44 di 88. Tọkọtaya tí ibi iṣẹ́ wọn yàtọ̀ yóò wọkọ̀ nígbà 176 lóṣù. Ẹ sọ owó ọkọ̀ yẹn di ti ọdún kan, ẹ rò ó mọ́ owó ilé, kí ẹ tó sọ pé ilé Kòbapé létí ìlú dínwó ju ti Oníkólòbó lọ. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í nìyẹn: owó ilé ni wọ́n ń bá ajẹ́ǹtì dúnàádúrà, kò sẹ́ni tó dárúkọ owó ọkọ̀ fún wọn.

Omi ò lọ́tàá, àmọ́ orí àpáta ni Abẹ́òkúta wà. Kànga tó kún dẹ́múdẹ́mú nínú oṣù keje lè gbẹ nínú oṣù kẹta, nítorí òjò tó sinmi lórí àpáta ló wà nínú rẹ̀. Bọ́ọ̀húù náà, tí wọn ò bá wá ibi tí àpáta ti sán kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ, omi rẹ̀ kì í tó nǹkan. Àjèjì lójú, kò fi ríran. Nítorí náà, ẹ fi láńlọ́ọ̀dù sílẹ̀, ẹ bi ìyá tó ń fọṣọ lẹ́yìnkùlé pé: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, bó bá di oṣù kẹta, ibo lẹ ti ń pọnmi?" Ènìyàn méjì lè lo kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 25 márùn-ún lójúmọ́, tánkì oní-lítà 1,000 á gbé wọn fún ọjọ́ mẹ́jọ. Ẹ rántí pé kò sọ́mọ tí ẹ máa rán lómi. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa rù ú lẹ́yìn iṣẹ́.

Omi tí a ò pè náà wà. Nítòsí Odò Ògùn ní Láfẹ́nwá àti Ẹnu-Gádà, àti létí odò Sokorí láàárín ìlú, ẹ wo ìsàlẹ̀ ògiri bóyá ìlà ẹrẹ̀ wà níbẹ̀. Ilé tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù dínà omi lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, wọ́n ti sọ ìtàn rẹ̀ fún yín.

Ohun tó jẹ wá lógún jù rèé: ilé tí ọmọ ò sí, tí àwọn méjèèjì ń lọ síbi iṣẹ́, òfìfo ni láti àárọ̀ di alẹ́. Bí ológbò kúrò nílé, ilé á dilé èkúté. Ilé àdádó létí ìlú, tí igbó wà lẹ́yìn rẹ̀, kò yẹ irú ìdílé bẹ́ẹ̀, bó ti wù kó rẹwà tó. Ní Ìtòkú tàbí Aké, ẹnìkan á máa jókòó síwájú ilé, á mọ ẹsẹ̀ àlejò. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn àgbàlá ìsàlẹ̀ Olúmọ, mọ́tò kì í dé ẹnu ọ̀nà ọ̀pọ̀ ilé, àtẹ̀gùn sì nira fún orúnkún àgbà.

Ní tiwa, ibi tó wà láàárín ilé àdádó àti àgbàlá ìlú la máa ń tọ́ka sí: Àṣẹ́rò, Àdìgbẹ́, Oníkólòbó, nínú ọgbà tí ayálégbé mẹ́rin tàbí mẹ́fà jọ ń gbé. Yàrá méjì tó: ọ̀kan fún yín, ọ̀kan fún ìyá tó bá wá kí yín. Ẹ má tìtorí ọmọ tí ẹ ń retí gba yàrá mẹ́rin. Ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ ni ọmọ tuntun ń sùn.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè báǹdì iná, ìyẹn ìpele tí ilé-iṣẹ́ mànàmáná pín àdúgbò sí gẹ́gẹ́ bí wákàtí iná tí wọ́n ń rí. Báǹdì A ni wọ́n ṣèlérí ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́ fún, òun náà ni owó rẹ̀ ga jù láti oṣù kẹrin 2024. Ilé tí ènìyàn kì í sí lọ́sàn-án, iná alẹ́ ni kí ẹ bi àwọn aládùúgbò léèrè. Ẹ rí i pé mítà jẹ́ tiyín nìkan, pé kò sí gbèsè ayálégbé àtijọ́ lórí rẹ̀. Ẹ ní kí ajẹ́ǹtì kọ owó ilé, agirimẹ́ǹtì, kọmíṣọ̀n àti owó ìdúró (kọ́ṣọ̀n) sórí ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì san ti ọdún kan péré.