Ẹ Jẹ́ Kí Broadway Wọ̀lú, Àmọ́ Kí Onílé Má Sùn Síta

Lọ́dún 1969, Fẹlá àti ẹgbẹ́ olórin ẹ̀ tó ń jẹ́ Koola Lobitos há sí Los Angeles. Owó ò sí lápò, ìwé tí wọ́n fi máa ṣiṣẹ́ ò pé, kílọ́ọ̀bù kékeré kan ní Sunset Boulevard ni wọ́n ti ń fi orin wá oúnjẹ òòjọ́. Ìlú yẹn náà ló ti pàdé Sandra Izsadore, ọmọbìnrin adúláwọ̀ ará Amẹ́ríkà tó là á lójú sí ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn dúdú, débi pé Fẹlá tó kúrò l'Ékòó kọ́ ló padà dé Èkó. Ẹ wá wo bí ayé ṣe ń yí. Nígbà tí 2011 ń parí lọ, Fẹlá tún wọ Los Angeles, ó ti kú láti 1997 o, àmọ́ ó wọlé, lórí ìtàgé gbọ̀ngàn Ahmanson tó ń gba bíi 2,000 òǹwòran, nínú eré olórin Fela! tí wọ́n gbé wá láti Broadway, ìyẹn àwọn ilé tíátà ńláńlá ìlú New York, tòun ti ìlù, ijó, aṣọ, iná, ìyá rẹ̀ Fúnmiláyọ̀ náà ò gbẹ́yìn.

A mú ìtàn yìí wá torí pé ọ̀rọ̀ eré Broadway tó máa ń rìn láti ìlú dé ìlú la fẹ́ sọ lónìí, ká má baà rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó lásán ni, ọ̀rọ̀ tí ò kàn wá.

Àwa ò sí lára àwọn tó ń yínmú sí Broadway. Fela! bẹ̀rẹ̀ ní Eugene O'Neill Theatre ní New York lóṣù kọkànlá 2009, wọ́n dárúkọ ẹ̀ fún àmì-ẹ̀yẹ Tony, tí wọ́n fi ń yẹ́ eré Broadway sí, lọ́nà 11 lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó gba 3, ó sì kógbá wọlé níbẹ̀ lóṣù kìíní 2011. Ó dáa, ẹni tó ń gbé ní Detroit tàbí Chicago tí ò lówó ọkọ̀ òfúrufú àti òtẹ́ẹ̀lì ní New York, báwo ló ṣe fẹ́ rí i? Àfi kí eré wá bá a nílé. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí, wọ́n di ẹrù lóṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, Washington ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ní Sidney Harman Hall tó jẹ́ ilé Shakespeare Theatre Company, wọ́n ń lọ láti ìlú kan sí òmíràn, èèyàn tí ò gbọ́ Yorùbá rí jókòó wákàtí méjì àtààbọ̀ ń gbọ́ orin Kalakuta. Ta ló máa rí ìyẹn kó ní kò dáa?

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé bí nǹkan yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ díẹ̀, torí ìdí owó lọ̀rọ̀ wà. Tírélà ló ń kó ẹrù eré Broadway tó bá ń rìnrìn-àjò, ilé onípákó, iná, sípíkà, aṣọ, àtàwọn nǹkan tójú ò rí. Tó bá dé ìlú kan, àwọn òṣìṣẹ́ ìtàgé ìlú yẹn, àwọn ọmọ yúníọ̀nù, ló máa já ẹrù tí wọ́n á sì tò ó, wọ́n tún lè gba onílù àti onífèrè ìlú náà kún ẹgbẹ́ olórin. Ẹni tó ni gbọ̀ngàn á ti ṣèlérí iye kan lọ́sẹ̀ fún ẹni tó ni eré, gárántì ni wọ́n ń pè é, ó tà o kò tà o, owó yẹn ti lọ nìyẹn, tí ọjà bá wá yá kọjá ibẹ̀ wọ́n á pín èyí tó bá ṣẹ́kù. Ìdí nìyí tí àwọn gbọ̀ngàn yẹn fi fẹ́ràn kí wọ́n ta tíkẹ́ẹ̀tì eré mẹ́fà tàbí méje ti sáà kan pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí owó ti wà nílẹ̀ kí tírélà tó gbéra. Òwò gidi ni. Òtẹ́ẹ̀lì ń rí tiẹ̀ níbẹ̀, olóúnjẹ ń rí tiẹ̀, ẹni tó ń ta ààyè ìgbọ́kọ̀sí ń rí tiẹ̀, bóyá òun ló tiẹ̀ jèrè jù.

Kí wá ni wàhálà ibẹ̀?

Center Theatre Group, ẹgbẹ́ tíátà tó ń darí Ahmanson ní Los Angeles, òun náà ló ń darí Mark Taper Forum tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ gan-an nínú ọgbà Music Center, pẹ̀lú Kirk Douglas Theatre tó wà ní Culver City. Ahmanson àti Taper, ọdún 1967 ni wọ́n ṣí àwọn méjèèjì. Inú Ahmanson tó tóbi làwọn eré tó ń rìnrìn-àjò máa ń sábàá bọ́ sí, Taper tó ní àga 739 péré sì ni wọ́n ti máa ń dáná eré tuntun, eré tí ẹnikẹ́ni ò tíì mọ orúkọ ẹ̀. Lóṣù kẹfà 2023 wọ́n kéde pé owó ò wọlé mọ́ bó ṣe ń wọlé kí Kòrónà tó dé, òǹwòran ti dín, ìrànwọ́ tí ìjọba ṣe nígbà àìsàn yẹn náà ti tán, ni wọ́n bá dá bíi ìdá kan nínú mẹ́wàá òṣìṣẹ́ wọn dúró, wọ́n sì gbé àgádágodo sẹ́nu ọ̀nà Taper. Eré tuntun kan tí Larissa FastHorse kọ, tó yẹ kó wọ orí ìtàgé níbẹ̀ lọ́dún yẹn gan-an, dúró di 2025. Ahmanson ńkọ́? Òun ò tì. Tírélà ń wọlé, tírélà ń jáde.

Ibẹ̀ yẹn ló ń dùn wá. Torí kì í ṣe ilé yẹpẹrẹ ni Taper. Níbẹ̀ ni Luis Valdez ti gbé Zoot Suit jáde lọ́dún 1978, ìtàn àwọn ọmọ Mẹ́síkò ìlú Los Angeles tí wọ́n fi ẹ̀sùn kàn, tí àwọn èèyàn wọn tí ò wọ ilé tíátà rí fi tú jáde wá wò ó, ọ̀pọ̀ oṣù ló fi ń kún, wọ́n gbé e lọ sí Broadway ní 1979, kò sì pẹ́ tó fi kógbá níbẹ̀ (ẹ ò rí i pé Broadway gan-an kì í mọ gbogbo nǹkan), nígbà tí Taper sì tún gbé e jáde ní 2017, tiwọn náà ni àwọn ọmọ Mẹ́síkò ìlú yẹn ṣì kà á sí. Níbẹ̀ ni Children of a Lesser God ti wáyé ní 1979 kó tó lọ gba Tony ní New York lọ́dún kejì. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ṣe apá méjèèjì Angels in America pọ̀ ní 1992, kí Broadway tó rí ìkankan nínú wọn. Yorùbá ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Broadway ni òde, àwọn ilé kéékèèké ìlú kọ̀ọ̀kan yìí sì ni ibi tí wọ́n ti ń rán ẹ̀ṣọ́ yẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí ò sì mọ sí Los Angeles. Jersey Boys tó rìn kárí ayé, La Jolla Playhouse nítòsí San Diego ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é ní 2004. The Lion King pàápàá, pẹ̀lú gbogbo owó Disney, Minneapolis ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò ní 1997. Èyí tó tiẹ̀ pa wá lẹ́rìn-ín jù ni pé nígbà tí Taper padà ṣílẹ̀kùn nígbà ìwọ́wé 2024, eré tí wọ́n fi ṣí i ni American Idiot tí Deaf West, ẹgbẹ́ àwọn òṣèré adití, bá wọn ṣe, eré yẹn dé Broadway ní 2010 lóòótọ́, àmọ́ Berkeley Rep ní California níbẹ̀ ni wọ́n ti bí i ní 2009. Ọmọ tí California bí, ó lọ New York lọ gba orúkọ, ó padà wálé.

A mọ ohun tí àwọn tó ń ṣètò owó máa sọ. Wọ́n á ní owó tí Ahmanson ń pa ló ń bọ́ Taper, pé bí ò bá sí eré olórúkọ ńlá tó ń wá láti New York, àwọn méjèèjì ni ì bá ti tì pa. A ò jiyàn. Wọ́n á tún ní àwọn òǹwòran ni ò ra tíkẹ́ẹ̀tì eré tí wọn ò gbọ́ nípa ẹ̀ rí, òótọ́ nìyẹn náà, gbogbo wa la máa ń fẹ́ jẹ ọbẹ̀ tá a ti mọ adùn ẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé àlejò ló ń bọ́ onílé lóòótọ́, kí ló dé tó fi jẹ́ pé ọjọ́ tí oúnjẹ kéré nílé, onílé ni wọ́n ní kó lọ gbààwẹ̀? Àgbẹ̀ tí nǹkan le fún lè ta iṣu ńlá, ó lè jẹ gbèsè, àmọ́ tí wọ́n bá rí i tó gbé èbù sórí iná, àwọn ará ilé ẹ̀ á pariwo, torí wọ́n mọ̀ pé ọdún tó ń bọ̀ ló fẹ́ sè yẹn. Eré tuntun ni èbù. Tí gbogbo gbọ̀ngàn ìlú bá ń dúró de tírélà, tí ẹnì kankan ò dá eré sílẹ̀ mọ́, kí ni tírélà fẹ́ kó wá lọ́dún mẹ́wàá sí i? Fíìmù àtijọ́ tí wọ́n sọ di eré olórin ni, wọ́n sì ti ń kó o wá báyìí.

Ilé àti ilẹ̀ Music Center yẹn, kì í ṣe ti oníṣòwò kankan. Ti ìjọba county Los Angeles ni, ìyẹn ni pé ti gbogbo ará ìlú tó ń san owó orí, títí kan awakọ̀ Uber ọmọ Ìjẹ̀bú tí ò wọbẹ̀ rí. Ibi tí a wá dúró sí nìyí: gbọ̀ngàn yòówù tó bá wà lórí ilẹ̀ ìjọba, tó sì ń gba eré Broadway sílé, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn ẹ̀ pé ìpín kan nínú èrè eré kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá níbẹ̀ máa lọ sínú àpò ọ̀tọ̀, àpò tí wọn ò ní fi san gbèsè míì, tí wọn ò ní fi tún òrùlé ṣe, eré tí wọ́n bá dá sílẹ̀ nínú ìlú yẹn nìkan ni wọ́n máa náwó ẹ̀ lé lórí. Kí wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọn ò gbọ́dọ̀ ti ilé kékeré nígbà tí ilé ńlá bá ṣì ń pawó. Tí ìyà bá dé, kí àwọn méjèèjì jọ jẹ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì náà tún wà níbẹ̀. Àǹtí kan tó sún mọ́ wa, nọ́ọ̀sì ni, ó ń gbé nílùú kan ní Texas, ó fẹ́ kó àwọn ọmọ ẹ̀ mẹ́ta lọ wo eré kan tó wá sílùú wọn. Iye tó rí lákọ̀ọ́kọ́ ò burú. Ìgbà tó fi máa débi tó ti fẹ́ sanwó, wọ́n ti fi owó iṣẹ́ kún un, wọ́n fi owó ilé kún un, wọ́n tún fi owó kan tí kò mọ orúkọ ẹ̀ kún un, ó ní “ṣé mo fẹ́ bá wọn pín ilé náà ni?” Ó pa kọ̀ǹpútà dé, wọ́n jókòó sílé wo fíìmù. Kì í ṣe pé kò ṣeé ṣe kí owó tíkẹ́ẹ̀tì dínkù o, eré Hamilton tó jẹ́ pé òun ni gbogbo ayé ń lé kiri, lọ́tìrì wà tí wọ́n ti fi ta àwọn àga kan ní dọ́là 10, ní New York àti láwọn ìlú míì tó rìn dé. Tí Hamilton bá lè ṣe é, kò sí eré tí ò lè ṣe é. Kí gbọ̀ngàn ìjọba má jẹ́ kí eré kankan gun ìtàgé ẹ̀ láìya àga bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ lálaalẹ́.

Ẹni tó bá rò pé à ń sọ ohun tójú wa ò rí rí, kó béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà. Láti 1944 ni Ogunde ti bẹ̀rẹ̀ eré, kò pẹ́ tó fi ń kó ẹgbẹ́ ẹ̀ káàkiri, ó ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn títí dé Gold Coast, ta ló ṣe gárántì fún un? Tí òǹwòran ò bá wá, ebi ni. Ní Òṣogbo, Dúró Ládiípọ̀ àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ dá Mbari Mbayo, ilé àwọn oníṣẹ́ ọnà, sílẹ̀ ní 1962, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe eré Ọba Kò So lọ́dún kejì, lójú àwọn ará ilé tó mọ oríkì Ṣàngó ju òṣèré lọ, tí wọ́n lè sọ fún un lójú ẹ̀ pé ibi báyìí kọ́ ni wọ́n ń gbà. Ìgbà tí eré yẹn fi máa dé Berlin ní 1964, ó ti jinná. Ibi tí wọ́n ti sè é ò ju àgbàlá lọ, àmọ́ ó wà, ilẹ̀kùn ẹ̀ sì ṣí.

Fela! kan náà wá sí Èkó lóṣù kẹrin 2011. Eko Hotel ní Victoria Island ni wọ́n ti ṣe é. Gbọ̀ngàn ńlá ìjọba tó wà ní Ìgànmú, èyí tí wọ́n kọ́ nítorí FESTAC 77, ipò tó wà nígbà yẹn ò ṣeé fojú rí. Wọ́n ti tún un ṣe báyìí, wọ́n fi sọrí Wọlé Ṣóyínká ní 2024, wọ́n sì ṣí i ní October 1, 2025. Ó rẹwà. Ó sì dájú pé àwọn tó ni eré ńláńlá nílẹ̀ òkèèrè máa kanlẹ̀kùn ibẹ̀, kí wọ́n wá, a ó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Àmọ́ kí tírélà àkọ́kọ́ tó wọ Ìgànmú, ohun kan ṣoṣo la fẹ́ kí àwọn tó ń darí ibẹ̀ sọ fún wa: alẹ́ mélòó lọ́dún ni ẹgbẹ́ òṣèré tó bá wá láti Òṣogbo, láti Ìsẹ́yìn, láti Abẹ́òkúta, máa ní nínú gbọ̀ngàn yẹn, èló sì ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ wọn? Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà níbi tí gbogbo wa ti máa rí i.