Àìsí òkè kọ́ ni ìṣòro

N kò fara mọ́ ohun tí ẹ kọ pé ilẹ̀ tí kò ní òkè kò lè di pápá gọ́ọ̀fù gidi. Irà tó tẹ́ pẹrẹsẹ ni ilẹ̀ TPC Sawgrass, pápá gọ́ọ̀fù kan ní Florida, Amẹ́ríkà, kí Pete Dye, ayàwòrán pápá, tó sọ ọ́ di pápá tí wọ́n ṣí ní 1980. Yanrìn ni wọ́n ń gbẹ́ káàkiri ibi tí ihò kẹtàdínlógún wà títí ó fi di kòtò ńlá, ni Alice, ìyàwó rẹ̀, bá dábàá pé kí wọ́n kúkú jẹ́ kí omi yí ibi ihò náà ká. Ihò yẹn ló wá lókìkí jù níbẹ̀. Ẹni tó bá ní kí wọ́n kàn kó erùpẹ̀ jọ kó lè di òkè ńkọ́? Òkìtì ọ̀gán ni irú òkè bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jọ.

Mo ti gbá bọ́ọ̀lù lórí pápá kan tó tẹ́ bí ẹní, níbi tí kòtò yanrìn kan ṣoṣo, tí kò jìn ju orúnkún lọ, wà níwájú ihò lápá òsì: ẹni tó bá gba ẹ̀gbẹ́ igbó lápá ọ̀tún wá ni ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún, àwa tí a gba àárín tó rọrùn ni kòtò náà ń dí lọ́nà. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́, omi òjò tí kò ríbi ṣàn gbà ló yẹ kí ayàwòrán pápá máa bẹ̀rù.