Amọ̀ kọ́ ló ń wó ilé: ohun tí iṣẹ́ Francis Kéré fi yé mi ní Àjàṣẹ́

Bí ẹnìkan bá sọ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), olú ìlú orílẹ̀-èdè Benin, lónìí pé amọ̀ ni òun fẹ́ fi kọ́ ilé tuntun, ohun tí àwọn ará ilé rẹ̀ yóò kọ́kọ́ bi í ni bóyá owó ló tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbàgbọ́ tó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ láàárín wa ni pé ilé aláìní ni ilé amọ̀, pé òjò ọdún méjì tàbí mẹ́ta ti tó láti wó o, àti pé búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì nìkan ni a lè fi kọ́ ilé tí ọmọọmọ ẹni yóò bá láyé. Èmi náà gbà á gbọ́ fún ọdún púpọ̀, mo sì fi kọ́ àwọn àbúrò mi. Iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ayàwòrán-ilé kan tó ń jẹ́ Kéré Architecture ni ó mú mi padà wo ọ̀rọ̀ náà, ilé-iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ rárá àfi ìgbà tí a gbọ́ pé òun ni ó yàwòrán ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tuntun tí wọ́n fẹ́ kọ́ sí ìlú wa.

Diébédo Francis Kéré ni ó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní Berlin ní ọdún 2005. Ọmọ Gando ni, abúlé kan ní Burkina Faso, bàbá rẹ̀ sì ni olórí abúlé náà. Nítorí pé kò sí ilé ẹ̀kọ́ níbẹ̀, láti kékeré ni wọ́n ti rán an lọ kàwé ní Tenkodogo. Nígbà tí ó sì dàgbà, iṣẹ́ káfíńtà ni ó bá lọ sí Jámánì kí ó tó di pé ó wọ yunifásítì. Kò tíì jáde ní yunifásítì náà nígbà tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó owó jọ láti kọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún Gando. Ilé ẹ̀kọ́ náà parí ní 2001, ó gba ẹ̀bùn Aga Khan fún iṣẹ́ ilé kíkọ́ ní 2004, nígbà tí ó sì di 2022, ẹni tó kọ́ ọ gba ẹ̀bùn Pritzker, èyí tí àwọn ayàwòrán-ilé kà sí èyí tó ga jù lọ lágbàáyé. Kò sí ọmọ Áfíríkà tó gbà á rí ṣáájú rẹ̀. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ògiri ilé ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ gbogbo èyí.

Ohun tí ó dùn mọ́ mi jù nínú ìtàn yìí ni pé àwọn ará Gando gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Wọ́n ti ń retí pé ọmọ wọn tó lọ sí òkè òkun yóò kó ìmọ̀ sìmẹ́ǹtì àti gíláàsì bọ̀, ó wá délé ó ní amọ̀ ni. A kò lè bá wọn wí, nítorí ojú wọn ni òjò ti ń wó ilé amọ̀ lọ́dọọdún, ohun tí ènìyàn sì ti fi ojú ara rẹ̀ rí kò ṣeé fi ọ̀rọ̀ ẹnu lásán pa rẹ́. Kéré fi bíríkì amọ̀ ṣe àjà títẹ̀ kan fún àpẹẹrẹ, ó ní kí wọ́n gun orí rẹ̀. Wọ́n gun orí rẹ̀, wọ́n fò sókè, wọ́n fò sílẹ̀, kò wó. Láti ìgbà náà ni gbogbo abúlé ti dá sí iṣẹ́ náà: àwọn ọmọdé ń gbé òkúta wá fún ìpìlẹ̀, àwọn obìnrin sì ń lu ilẹ̀ yàrá pa bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti ìran dé ìran.

Ó yẹ kí a fara balẹ̀ wo bí ilé náà ṣe dúró, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ìgbàgbọ́ wa ti ṣubú. Lákọ̀ọ́kọ́, amọ̀ náà kì í ṣe amọ̀ tí a kàn pò, tí a sì mọ lé ara wọn. Wọ́n fi sìmẹ́ǹtì díẹ̀ sí i, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ di bíríkì kí ó tó gbẹ. Ìpìlẹ̀ tó dúró le sì gbé ògiri kúrò lórí ilẹ̀ tútù. Ní òkè, bíríkì ni wọ́n fi ṣe àjà, wọ́n sì dá ihò sí i; wọ́n wá fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ gbé páànù ró sókè àjà náà, tó bẹ́ẹ̀ tí àyè ńlá fi wà láàárín àjà àti páànù, tí etí páànù sì yọ jáde kọjá ògiri níbi gbogbo. Bí oòrùn bá mú páànù gbóná, atẹ́gùn tó ń kọjá láàárín yóò gbé ooru náà lọ, ooru tó wà nínú yàrá yóò sì gba inú ihò àjà jáde. Bí òjò bá dé, etí páànù náà kò ní jẹ́ kí ó kan ògiri. Nígbà tí wọ́n ń ṣe ilé ìkàwé abúlé náà, ìkòkò amọ̀ tí àwọn obìnrin ń mọ ni wọ́n gé ìdí rẹ̀, tí wọ́n fi sínú àjà kí ìmọ́lẹ̀ àti atẹ́gùn lè máa gba ibẹ̀ wọlé.

Kò sí ohun kan nínú èyí tó fi hàn pé amọ̀ lágbára ju bí a ti mọ̀ ọ́n lọ. Ọ̀tá ògiri amọ̀ kò ju ẹyọ kan lọ, omi ni, ọ̀nà méjì péré ni ó sì sábà máa ń gbà wọlé: ó lè gba orí ògiri sọ̀kalẹ̀ nígbà tí òrùlé bá jò, ó sì lè gba ẹsẹ̀ ògiri gòkè nígbà tí omi òjò bá ń ta sí ìdí rẹ̀ tàbí tí ó bá dúró síbẹ̀. Ẹni tó bá dí ọ̀nà méjèèjì ti gba ilé rẹ̀ là. Àwọn baba wa mọ èyí dáadáa, bí wọn kò tilẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé. Bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kí etí òrùlé bẹẹrẹ wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àgbàlagbà fi ń bẹ̀rẹ̀ kí ó tó wọlé, tí wọ́n sì ń mọ pèpéle sí ìdí ògiri yíká, a máa ń rò pé ìjókòó àwọn àgbà nìkan ni pèpéle wà fún. Ẹsẹ̀ ògiri ni ó ń ṣọ́. Ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin wa yìí, odi amọ̀ àti yàrà ni ó yí ìlú ká, ìlú náà sì gbójú lé wọn títí tí ogun Dahomey fi kó o ní 1886. Àkàbà Ìdẹ́nà, ẹnubodè odi náà, ṣì wà níbẹ̀ títí di òní, nítorí pé àwọn ènìyàn ń tún un ṣe. Ògiri tí a kì í tún ṣe, ìbáà jẹ́ ti sìmẹ́ǹtì, yóò là lọ́jọ́ kan, alángbá yóò sì ráyè wọ̀ ọ́, gẹ́gẹ́ bí òwe ti wí.

Ibi tí a ti ń fi ọwọ́ ara wa wó ilé wa ni mo fẹ́ sọ wàyí, nítorí ó ṣẹlẹ̀ nínú ilé wa. Ilé amọ̀ ni ilé tí bàbá bàbá mi kọ́, ilẹ̀ pupa tí wọ́n wà jáde nínú àgbàlá náà ni wọ́n fi mọ ọ́n. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi pinnu pé kí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ gbogbo ìta rẹ̀ kí ó lè jọ ilé ènìyàn, mọlémọlé tí wọ́n pè sì dì í pa láti òkè dé ilẹ̀. Ó dára, ó ń dán, àwọn àlejò sì ń yìn ín. Kò pẹ́ tí rírẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí wú bí ara ẹni tí iná jó. Ní àsìkò òjò kan, igun ilé náà wó lóru. Lójú ẹsẹ̀ ni gbogbo ènìyàn dá ẹjọ́: amọ̀ mà ni, kí ni ẹ retí? Ṣùgbọ́n nígbà tí a kó àwókù náà kúrò, a rí i pé amọ̀ tó wà lẹ́yìn sìmẹ́ǹtì tutù rinrin bí amọ̀ ìkòkò, tí ògiri kan náà tí ẹnikẹ́ni kò rẹ́ nínú yàrá ẹ̀yìn sì gbẹ, tí ó le, tí ìṣó kò fẹ́ wọ inú rẹ̀. Bàbá mọlémọlé kan tó wá láti Kétu wò ó, wọ́n mi orí, wọ́n ní: “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ wé ọ̀rá mọ́ ẹni tó ń làágùn, ẹ wá ń bèèrè ìdí tí ó fi ń ṣàìsàn.”

Ohun tí bàbá yẹn sọ ni àwọn tó ń tún ilé àtijọ́ ṣe ń sọ káàkiri àgbáyé. Ògiri amọ̀ máa ń fa omi díẹ̀, ó sì máa ń mí omi náà jáde nígbà tí oòrùn bá ràn. Sìmẹ́ǹtì líle kì í jẹ́ kí ó mí. Omi tó gba ojú ibi tó là wọlé, tàbí èyí tó gba ìdí ògiri gòkè, kò ní rí ọ̀nà jáde mọ́, yóò máa rọ amọ̀ náà láti inú wá títí yóò fi di ẹrọ̀fọ̀. Amọ̀ àti iyanrìn ni ó yẹ kí a fi rẹ́ ẹ, bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe, kí a sì máa tún un rẹ́ nígbà tí ó bá ṣí. Irú ìtọ́jú yìí kò ti ẹnikẹ́ni lójú ní Djenné, ní orílẹ̀-èdè Mali, níbi tí gbogbo ìlú ti ń jáde lọ́dọọdún láti rẹ́ mọ́sálásí ńlá amọ̀ tí wọ́n tún kọ́ ní 1907.

Ní Àjàṣẹ́ níbí, ọ̀pọ̀ ilé Àgùdà, ìyẹn ilé àwọn tó padà dé láti Brazil, tí a máa ń fi han àlejò, àwọn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó ní fèrèsé gígùn àti òdòdó gbígbẹ́ lójú ògiri, ni ara wọn jẹ́ amọ̀ lábẹ́ rírẹ́. Ẹ lọ wo èyí tó ti ń ya, ẹ ó rí ilẹ̀ pupa. Àwọn kan nínú wọn ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Àwọn tó wó, òrùlé wọn ni ó kọ́kọ́ jò, ẹnikẹ́ni kò sì tún un ṣe nítorí pé ogún ọmọ ni ó ni ilé náà, ẹnìkan kò sì fẹ́ ná owó sórí ohun tí gbogbo wọn jọ ni. Ẹjọ́ ogún ló wó ilé wọ̀nyẹn, amọ̀ ni a sì ń bú.

Mo gbọ́dọ̀ kìlọ̀ fún àwọn tó fẹ́ fò láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, nítorí mo ti bá wọn pàdé: àwọn tó gbà pé Kéré kórìíra sìmẹ́ǹtì, àti pé amọ̀ ni wọn yóò fi kọ́ ilé aṣòfin wa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé ńlá alókè ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní 2021 láti gba ipò ààfin àwọn gómìnà àtijọ́ tí àwọn aṣòfin ti ń jókòó; kọnkéré ni ó ń gbé e dúró. Igi tí àwọn àgbà ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ láti yanjú ọ̀rọ̀ ìlú ni wọ́n wò ṣe é: gbọ̀ngàn ìpàdé wà nísàlẹ̀, àwọn ọ́fíìsì wà lókè bí ẹ̀ka, inú igi náà sì ṣófo kí ìmọ́lẹ̀ àti atẹ́gùn lè sọ̀kalẹ̀ gba ibẹ̀. Wọ́n ti wọ ojú fèrèsé sẹ́yìn kí oòrùn má baà lù ú ní tààrà, wọ́n sì fi ọgbà tí ará ìlú lè wọ̀ yí i ká. Ní Koudougou ní Burkina Faso, níbi tí Kéré Architecture ti parí ilé ẹ̀kọ́ girama Schorge ní 2016, yangí ni wọ́n gé láti inú ilẹ̀ ibẹ̀, tí wọ́n jẹ́ kí ó le nínú oòrùn, tí wọ́n sì fi mọ ògiri. (Àwa tí a mọ yangí sí ojúbọ Èṣù nìkan, ó yẹ kí a ronú sí ìdí tí a fi yan òkúta tí kì í tètè bàjẹ́ fún un.) Igi eucalyptus tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ibẹ̀ kà sí igi ìdáná ni wọ́n tò yí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ká kí ó máa ṣe òjìji. Ohun tó bá wà nítòsí, tó sì bá iṣẹ́ mu, ni wọ́n ń lò. Ìyẹn ló so gbogbo ilé wọ̀nyí pọ̀.

Èmi kò ní kí ẹnikẹ́ni wó ilé búlọ́ọ̀kù rẹ̀. Onigbolo tí wọ́n ti ń wa òkúta ẹfun fún sìmẹ́ǹtì kò jìnnà sí Pobè, ilẹ̀ wa ni òun náà ti wá. Bẹ́ẹ̀ ni n kò sì lè sọ pé ilé amọ̀ tó dára kò náni lówó, nítorí owó tí a kò fi ra sìmẹ́ǹtì, ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ni yóò lọ, mọlémọlé tó mọ iṣẹ́ amọ̀ dáadáa sì ti ń ṣọ̀wọ́n. Ẹni tí kò lè gbé òrùlé rẹ̀ yọ jáde kọjá ògiri, tàbí tí ilé rẹ̀ wà níbi tí omi ọ̀sà ń gòkè wá, búlọ́ọ̀kù ni mo máa gbà á níyànjú láti lò. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń sùn nínú yàrá búlọ́ọ̀kù tẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́ páànù tí kò ní àjà ní oṣù kẹta ọdún, tí ó ń gbé ẹní rẹ̀ jáde sí ìta láàárín òru, má ṣe sọ fún mi pé òun ti kúrò nínú ilé aláìní.

Ní ilé wa, a ti fi òòlù ṣí gbogbo sìmẹ́ǹtì ìta kúrò. Bàbá láti Kétu ní kí a má fi ọwọ́ kan ògiri náà títí tí yóò fi gbẹ dé inú, nítorí náà ó ti tó oṣù mẹ́rin tí ó ti wà ní ìhòòhò, tí àwọn aládùúgbò sì ń bi wá bóyá a fẹ́ tà á. A ti ra páànù tí yóò mú etí òrùlé gùn sí i, a sì ti gbẹ́ ojú àgbàrá tí yóò máa gbé omi òjò lọ. Ohun tó kù ni pèpéle, tí àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi ṣì ń jiyàn lé lórí nítorí pé wọ́n ní yóò jẹ́ kí ilé náà dà bí ti oko.