Ẹrù Àgbọ̀mẹ̀ kọ́ ni Gẹ̀ẹ́sì kó ní 1897

Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ń ti orí WhatsApp kan dé òmíràn pé ohun 26 tí ìjọba Faransé dá padà fún wa ní orílẹ̀-èdè Benin ní 2021 ni àwọn idẹ Benin tí Gẹ̀ẹ́sì kó lọ ní 1897. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ìlú Ẹdó (Benin City), ní Nàìjíríà, ni wọ́n ti kó idẹ wọ̀nyẹn, láàfin Ọba Ovonramwen. Àgbọ̀mẹ̀, olú ìlú àwọn ọba Dàhòmì àtijọ́, ni tiwa ti wá. Ọ̀gágun Dodds ti Faransé ló kó wọn nígbà tó bá Béhanzin, ọba Àgbọ̀mẹ̀, jagun ní 1892. Orúkọ ló da ọ̀rọ̀ rú: Dàhòmì ni orílẹ̀-èdè yìí ń jẹ́ títí Ààrẹ Kérékou fi yí i padà sí Benin ní 30 oṣù kọkànlá 1975.

Ẹ wo ère Béhanzin fúnra rẹ̀. Igi ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, kì í ṣe idẹ: orí ẹja yanyan, ìpẹ́ lára, apá àti ẹsẹ̀ èèyàn. Iṣẹ́ àràmàǹdà ni! Kì í sì í ṣe ère nìkan ló wà níbẹ̀; ìtẹ́ ọba àti ilẹ̀kùn ààfin wà nínú wọn.

Àwa tí a ní ẹbí ní Kétu mọ̀ pé ogun Glèlè, bàbá Béhanzin, ló fọ́ ìlú náà ní 1886. Ó dun wá, àmọ́ ìyẹn ò ní kí a gbé ohun ìní Àgbọ̀mẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti pín in, kó fi àtúnṣe yìí ránṣẹ́ síbẹ̀.