Aáró tí wọ́n jẹ wá láti ọdún 1970

Ọmọṣẹ́ mẹkáníìkì kan ní Láfẹ́ńwá ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ lánàá. Mo jókòó sórí táyà, mò ń dúró de mọ́tò mi, rédíò ń ka ìròyìn ogun. Ọmọ náà nu ọwọ́ rẹ̀ sára àkísà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Bí Nàìjíríà bá ní bọ́ǹbù átọ́míìkì, ta ló máa fojú di wá? Ṣé ẹ ò rí Ukraine ni? Ní 1994 wọ́n gbà láti kó tiwọn fún Rọ́ṣíà, Rọ́ṣíà náà tọwọ́ bọ̀wé pé òun ò ní fọwọ́ kan ilẹ̀ wọn. Ìwé yẹn dà? Gaddafi ti Líbíà náà pa ètò bọ́ǹbù tiẹ̀ tì ní 2003. Ṣé ẹ rántí bó ṣe kú?"

Ọ̀gá rẹ̀ jágbe mọ́ ọn láti abẹ́ mọ́tò pé kó gbé sípánà wá. Àwọn tó kù fi ṣàwàdà. Ẹnì kan ní kí ni Ẹ̀gbá fẹ́ fi bọ́ǹbù ṣe, ṣebí a ó sá sábẹ́ Olúmọ bíi ti àwọn baba wa. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ìbéèrè ọmọ náà kì í ṣe ti òmùgọ̀.

Aáró ló wá sí mi lọ́kàn. A mọ ìtàn Lísàbí: ẹgbẹ́ aáró ló fi kó Ẹ̀gbá jọ kí wọ́n tó dìde sí àwọn Ìlàrí Ọ̀yọ́. Lónìí a ro oko tèmi, lọ́la a ro tìẹ. Ẹni tí wọ́n bá ro tiẹ̀ tán, tó wá ń ní ẹ̀yìn ń dun òun nígbà tó kan oko ẹlòmíràn, àgbẹ̀ mọ orúkọ tí wọ́n ń pè é.

Aáró ni àdéhùn àgbáyé lórí bọ́ǹbù átọ́míìkì tí wọ́n ń pè ní NPT. Ní 1968, tí ogun Biafra ṣì ń jà nílẹ̀ wa, Nàìjíríà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ní oṣù Kẹta ọdún 1970 ló di òfin. Àwa tí a kò ní bọ́ǹbù ṣèlérí pé a kò ní wá a, a ó sì jẹ́ kí àwọn olùyẹ̀wò IAEA, àjọ àgbáyé tó ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ átọ́míìkì, láti Vienna máa ṣí ìdérí ìkòkò wa wò. Àwọn tó ti ní in ṣèlérí, nínú abala kẹfà, pé àwọn yóò fi òótọ́ inú jókòó sọ bí wọn yóò ṣe kó tiwọn kúrò nílẹ̀. Faransé àti Ṣáínà ò tilẹ̀ wọlé títí di 1992.

Oko tiwọn la ti ro. Ní Zaria, uranium alágbára tó wà nínú ẹ̀rọ ìwádìí wa, a dá a padà sí Ṣáínà ní 2018, a fi èyí tí kò ṣeé fi ṣe bọ́ǹbù rọ́pò rẹ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 2020, tó pé ọdún 75 tí wọ́n fi bọ́ǹbù átọ́míìkì sun ìlú Hiroshima ní Japan, Nàìjíríà fi òǹtẹ̀ lu àdéhùn tó ka bọ́ǹbù náà léèwọ̀ pátápátá. Nínú àwọn tó ni bọ́ǹbù, ẹyọ kan ò bá wa tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí sì ti kan ilé wa rí. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 1960, Faransé yin bọ́ǹbù àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Reggane, nínú aṣálẹ̀ Sàhárà ní Àlgéríà. Agbára rẹ̀ ju ìlọ́po mẹ́rin ti Hiroshima lọ. Oṣù Kejì, ẹ gbọ́, àsìkò ọyẹ́! Ẹni tó bá ti sá àdìrẹ ní Ìtòkú rí mọ ibi tí eruku tó ń bà lé e ti ń wá. A ò tíì gba òmìnira nígbà yẹn, ariwo nìkan la rí pa. Wọ́n tún yin òmíràn lóṣù Kẹrin, wọ́n yin ẹ̀kẹta lóṣù Kejìlá. Ìgbà yẹn a ti dòmìnira, ìjọba Tafawa Balewa sì lé aṣojú Faransé kúrò nílùú ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1961. Orílẹ̀-èdè tí kò tíì pé ọmọ oṣù mẹ́rin! Inú mi máa ń dùn sí i.

N kò ní sọ pé àwọn tó ni bọ́ǹbù ò san nǹkan kan nínú aáró náà. Bọ́ǹbù tó wà láyé ní 1986 tó 70,000. Ó ti já sí bí 12,000. Ṣùgbọ́n ìpàdé NPT ti 2015 àti ti 2022 tú ká láìfẹnu kò. Àdéhùn tó ní kí Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà, ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, má kọjá 1,550 bọ́ǹbù ńlá tí wọ́n ti gbé kalẹ̀ fún yíyìn parí ní oṣù Kejì ọdún 2026, wọn ò tọwọ́ bọ òmíràn kó tó parí.

Mo dá ọmọ náà lóhùn. Mo ní bọ́ǹbù Ukraine, Mọ́sìkò ní Rọ́ṣíà ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà. Gaddafi ò ní ẹyọ kan rí. Gúúsù Áfíríkà ló ṣe mẹ́fà parí, tó fọwọ́ ara rẹ̀ tú wọn palẹ̀, ta ló gbógun lọ bá a? Àti pé àwa tí páìpù epo lásán ò ṣeé ṣọ́ fún, ibo la fẹ́ kó bọ́ǹbù sí?

Ó rẹ́rìn-ín. "Tí wọn ò bá wá san aáró náà ńkọ́, ẹ̀gbọ́n?"

Mo ní tẹ́nìkan bá jẹ ọ́ ní aáró, o ò ní dáná sun oko tìẹ. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lo máa lọ jókòó sí.

"Ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta lẹ ti jókòó síbẹ̀," ló wí, ó bá wọ abẹ́ mọ́tò lọ.